78,000 dọ́là lọ́dún, èló ló dé ọwọ́? Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ní Maryland

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Mo ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Àbúrò mi ló ń pè, ọmọ àbúrò ìyá mi tí mo pọ̀n nígbà tí èmi fúnra mi ṣì ń lọ sílé ìwé. Kò tilẹ̀ kí mi tán kó tó figbe ayọ̀ bọnu: "Àǹtí mi, ẹ bá mi dúpẹ́! Iṣẹ́ Maryland yẹn, wọ́n ti fún mi. 78,000 dọ́là lọ́dún!"

Mo bá a dúpẹ́, mo sì wúre fún un. Ọmọ náà ti jìyà. Ọdún méjì gbáko ló fi gbé páálí ní ilé ìkẹ́rù-sí lóru, tó ń kàwé lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń nu ọwọ́ mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ètò rẹ̀ fún mi, àyà mi sì là. Ó ti pín 78,000 sí ọ̀nà méjìlá, ó rí 6,500 lóṣù. Ó ti rí ilé oníyàrá méjì ní Laurel, dọ́là 2,150 lóṣù. Àwọn onílé ní kí owó ẹni tó máa gbà á tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé, ìyẹn 6,450, òun sì ti kún ojú òṣùwọ̀n. Ó ti yan ọkọ̀ tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ lọ buwọ́ lu ìwé ilé.

Mo ní, "Má tíì buwọ́ lù ú o. Wá sílé mi lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mú lẹ́tà iṣẹ́ náà dání, àti ti Houston tí o sọ pé o kò fẹ́."

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó òṣìṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mọ́kànlá. Mo mọ bí ojú ènìyàn ṣe máa ń rí ní ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ bá wọlé. Wọ́n á wá síwájú tábìlì mi, wọ́n á na paystub, ìwé tó ń fi owó tí wọ́n san àti èyí tí wọ́n yọ hàn, sí mi, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ó dà bíi pé wọ́n ti ṣe àṣìṣe. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Onítọ̀hún ti ná owó tí kò ní í dé ọwọ́ rẹ̀ láéláé ni, ó sì ti buwọ́ lu ìwé ọdún kan lé e lórí.

Àwa tí a dàgbà nílé, ó tètè ń mú wa. Nílé, oṣù ni a fi ń ka owó. Bí ẹnìkan bá bi ọ́ pé èló ni wọ́n ń san fún ọ, iye tó ń wọ báńkì rẹ lóparí oṣù ni wàá sọ, nítorí pé wọ́n ti yọ PAYE àti owó ìfẹ̀yìntì 8% kó tó débẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún ni wọ́n fi ń pè é, iye tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn sì ni wọ́n ń pè. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nígbà tí ó dé lọ́jọ́ Àìkú, a jẹun tán, mo palẹ̀ tábìlì mọ́, mo mú ìwé ìkọ̀wé ọmọ mi kan tí kò lò tán. Àwọn ìkànnì tó ń ṣírò owó yìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì wúlò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kì í gbàgbé ibi tí owó náà gbà lọ.

Ìlà àkọ́kọ́ kò nira. Ilé-iṣẹ́ náà ń sanwó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́jọ́ Ẹtì. Ọdún kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lọ́nà 26. 78,000 tí a bá pín sí 26, 3,000 dọ́là géérégé ni ṣẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan. Níbí nìkan, 6,500 rẹ̀ ti já: oṣù tó ní ṣẹ́ẹ̀kì méjì, 6,000 ló ní, kí ẹnikẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀. Oṣù mẹ́wàá nínú méjìlá ló sì máa ń ní méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a kan ohun tí wọ́n ń yọ ṣáájú owó-orí. Lẹ́tà iṣẹ́ náà sọ pé adójútòfò ìlera jẹ́ dọ́là 88 ní ṣẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan, ti eyín àti ojú jẹ́ 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Wọ́n tún ní bí ó bá fi 5% sínú owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní 401(k), ilé-iṣẹ́ yóò fi iye kan náà kún un. 5% nínú 3,000 jẹ́ 150. Ó ní òun kò fẹ́ fi nǹkan kan sí i ní báyìí. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ná, a ó padà sí i.

Ẹ fi ara balẹ̀ síbí, nítorí ibí ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ́. Gbogbo owó-orí kọ́ ló ń wo iye kan náà. Social Security, tó wà fún owó àgbà, ń gba 6.2%, Medicare, tó wà fún ìlera àwọn àgbà, ń gba 1.45%. Owó adójútòfò tí wọ́n yọ níbi iṣẹ́ dín iye tí àwọn méjèèjì yìí ń wò kù, ṣùgbọ́n 401(k) kò dín in kù. Nítorí náà 2,900 ni wọ́n wò, kì í ṣe 2,750, kì í sì ṣe 3,000. Social Security mú 179.80, Medicare mú 42.05. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 221.85. Kò sí ẹni tó lè bẹ̀bẹ̀ kúrò nínú ìyẹn, kò sì sí àlàfo ìdáríjì kankan: láti orí dọ́là àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń gbà á, títí owó ẹni ọdún náà yóò fi dé 168,600 fún Social Security lọ́dún 2024. Ilé-iṣẹ́ náà ń san iye kan náà lé e, òṣìṣẹ́ kì í sì í rí ìyẹn. Èmi kì í bínú sí owó yìí. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó bí ọdún mẹ́wàá tó sì kó 40 kírẹ́díìtì jọ, yóò gba owó àgbà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ níbí nítorí àwọn ọmọ wa tó wá kàwé. Ẹni tó wà lórí físà F-1, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ OPT, ìyọ̀ǹda iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, tí kò tíì lò ju ọdún kàlẹ́ńdà márùn-ún lọ níbí, kì í san Social Security àti Medicare. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ tó ń yọ ọ́ lọ́wọ́ irú wọn láìmọ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, lọ sọ fún wọn kí wọ́n dá a padà. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti Nàìjíríà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí standard deduction tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, nítorí náà owó-orí ìjọba àpapọ̀ yóò wúwo jù fún un. Kó má ṣe fi ìṣirò àbúrò mi ṣe tirẹ̀. Àbúrò mi ní green card ní tiẹ̀.

Ó wá kan ìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì, nítorí pé ẹnìkan ti sọ fún un pé owó rẹ̀ ti bọ́ sí ìpele 22%, ó sì ti fi 22% lu gbogbo owó ọdún tó kù lẹ́yìn 100 àti 150 yẹn, ìyẹn 71,500. Ó rí 15,730. Ó dákẹ́ lọ bí ìgbà tí wọ́n bu omi sí iná.

Mo lọ kó igbá mẹ́ta jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Mo ní: "Wò ó. Owó tí ìjọba àpapọ̀ máa wò ni 3,000, o yọ 100, o yọ 150. Ó kù 2,750. Ìlọ́po 26 rẹ̀ jẹ́ 71,500 lọ́dún. Nínú ìyẹn, wọ́n fi 14,600 sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Òun ni standard deduction ti ọdún 2024. Ó kù 56,900. Owó yìí ni a fẹ́ dà sínú igbá. Igbá àkọ́kọ́ gba 11,600, wọ́n mú 10% níbẹ̀. Nígbà tó kún ni ìyókù ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ìkejì. Ìkejì gba 35,550, wọ́n mú 12%. Ó kún. Ohun tó kù jẹ́ 9,750. Òun nìkan ló wà nínú igbá kẹta, òun nìkan ni wọ́n máa gba 22% lórí rẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: 1,160, 4,266, 2,145. Ó rò ó pọ̀, ó jẹ́ 7,571. Kò tó ìdajì ohun tó ti ń dẹ́rù bà á. Tí a bá pín in sí 26, 291.19 ni ṣẹ́ẹ̀kì kan. Ó gbé igbá kẹta sókè, ó wo inú rẹ̀ bíi pé owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ní, "Àǹtí, wọn kò ṣàlàyé báyìí fún wa rí." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti lo ogún ọdún níbí pé àwọn kò fẹ́ àfikún owó nítorí pé yóò gbé àwọn sí ìpele gíga tí owó wọn yóò sì dín kù. Ó máa ń dùn mí. Dọ́là tó bọ́ sí ìpele òkè kò ba èyí tó wà nísàlẹ̀ jẹ́.

Maryland ló tún kàn. Ìpínlẹ̀ yìí ní ọwọ́ méjì: ọ̀kan ti ìpínlẹ̀, ìkejì ti káúńtì, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ nílé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í mọ̀ nípa ti káúńtì. Gbogbo káúńtì 23 tó wà níbẹ̀ ló ń gba owó-orí lórí owó iṣẹ́, ìlú Baltimore náà ń gbà á, ó sì wà láàárín 2.25% sí 3.20% lọ́dún 2024. Laurel wà lábẹ́ Prince George's County, 3.20% sì ni tiwọn lọ́dún náà. Ibi tí o ń sùn ni wọ́n ń wò fún ìyẹn, kì í ṣe ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Kódà ká ní Washington D.C. ló ti ń ṣiṣẹ́ tó sì ń sùn ní Laurel, Maryland náà ni yóò san án fún, nítorí àdéhùn tó wà láàárín wọn.

Maryland kò fi tó nǹkan sílẹ̀ fún un bíi ti ìjọba àpapọ̀. Nínú 71,500, ó yọ standard deduction tirẹ̀, 2,700, ó yọ 3,200 fún orí ènìyàn kan. Ó kù 65,600. Ìpínlẹ̀ ń gba 2%, 3% àti 4% lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn jẹ́ dọ́là 90 péré, lẹ́yìn náà 4.75% lórí ìyókù: 2,973.50. Káúńtì gba 3.20% lórí gbogbo 65,600: 2,099.20. Àròpọ̀ ìpínlẹ̀ àti káúńtì jẹ́ 5,162.70 lọ́dún, 198.57 ní ṣẹ́ẹ̀kì kan.

A wá fà á láti òkè wá sílẹ̀. 3,000. Yọ 100, yọ 150, yọ 221.85, yọ 291.19, yọ 198.57. Ó kù 2,038.39.

Ó fi ẹ̀rọ ìṣirò fóònù rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Lóṣù tó ní ṣẹ́ẹ̀kì méjì, 4,076.78. Ó na ọwọ́ mú ìwé tó kọ ètò rẹ̀ sí, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó ilé 2,150. Ọkọ̀ 620, adójútòfò ọkọ̀ 240, epo 160. Oúnjẹ 500. Iná àti fóònù 300. Ìyá rẹ̀ 500. Àjọ 1,000. Ìdámẹ́wàá 650. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6,120. Lórí 6,500 tó fọkàn sí, ó ṣẹ́ku 380. Lórí owó tó máa dé ọwọ́ rẹ̀ gan-an, yóò máa jẹ gbèsè tó lé ní 2,000 lóṣooṣù, àwọn onílé yẹn ì bá sì ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ láìbi í ní ìbéèrè kankan. Owó tí wọ́n ń fi ṣe òṣùwọ̀n ìlọ́po mẹ́ta wọn, owó tí kò tíì kan ọwọ́ ìjọba ni. Ẹni tó bá kún òṣùwọ̀n wọn kò túmọ̀ sí pé yóò lè san án.

Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo fún un lómi tútù.

Nígbà náà ni mo ní kó mú lẹ́tà Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, jáde. 72,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sì ti ronú lé e rárá, nítorí pé ó fi 6,000 kéré. Texas kì í gba owó-orí lórí owó iṣẹ́. Ní 2019 ni àwọn olùdìbò tilẹ̀ fi í sínú òfin ìpínlẹ̀ wọn pé kò gbọdọ̀ sí i. A fi adójútòfò 100 àti 401(k) 5% kan náà ṣe é, kí ó lè bá ara wọn mu. 72,000 sí 26 jẹ́ 2,769.23. Yọ 100, yọ 138.46. Social Security àti Medicare mú 204.19. Ìjọba àpapọ̀ mú 242.96. Kò sí ìlà ìpínlẹ̀, kò sí ìlà káúńtì. Ó kù 2,083.62.

Ó kà á sókè jẹ́jẹ́: "Houston fi dọ́là 45 ju Maryland lọ ní ṣẹ́ẹ̀kì kan. Èyí tí mo fẹ́ jù nù."

Mi ò sọ fún un pé kó lọ sí Houston. Texas náà ní ọ̀nà tó ń gbà wá owó tirẹ̀. Owó-orí lórí ilé ga níbẹ̀, onílé sì máa ń gbé e lé ayálégbé lórí. Ní Houston, owó-orí ọjà jẹ́ 8.25%, ti Maryland jẹ́ 6%. Ọkọ̀ kò ṣeé máà ní. Ohun tí mo fẹ́ kó rí ni pé iye tí wọ́n kọ sókè lẹ́tà kò tíì sọ nǹkan kan fún un títí yóò fi sọ ọ́ di ṣẹ́ẹ̀kì kan, ní ìlú kan, ní káúńtì kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó mú Maryland, nítorí pé iṣẹ́ ibẹ̀ ló bá ohun tó kọ́ mu, a sì wà nítòsí. Ìpinnu tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ó fi ojú tó là mú un.

Kò gba ilé 2,150. Ó rí oníyàrá kan ní Laurel kan náà, 1,600. Kò ra ọkọ̀ tuntun, ó tún èyí tó ti ń wà bọ̀ ṣe. Àjọ di 500. Ìdámẹ́wàá, ó ní òun yóò máa yọ ọ́ lára owó tó bá dé ọwọ́. Ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run rẹ̀ nìyẹn, mi ò dá sí i. Èyí tó le jù ni fóònù tó pe ìyá rẹ̀. Ó ti sọ 500, ó ní láti sọ pé 300 ni. Ó pè é níwájú mi. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, ṣé o máa rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀ báyìí?" Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 2024. Ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ó sì pè mí pẹ̀lú ẹ̀rín: "Àǹtí mi, ẹ ṣì í! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,100!" Mo bi í bóyá ó rí adójútòfò lórí paystub. Kò rí i. Oṣù kejì ni adójútòfò rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọn kò tíì yọ 100 yẹn. Mo ní kó má ná àjẹkù náà. Ṣẹ́ẹ̀kì kejì dé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ó fi bí dọ́là méjì péré yàtọ̀ sí ohun tí a kọ sínú ìwé, nítorí bí Maryland ṣe ní kí ilé-iṣẹ́ máa ṣírò tiwọn. Ẹ wo ohun kan níbẹ̀: adójútòfò jẹ́ 100, ṣùgbọ́n bí 62 péré ni ṣẹ́ẹ̀kì náà fi dín kù. Ìyókù, owó-orí ni ì bá kó o lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n má máa fi ojú dọ́là-fún-dọ́là wo ohun tí wọ́n ń yọ ṣáájú owó-orí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni 401(k) tó kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Bí ó bá fà á kúrò, 150 kọ́ ni yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀, bí 105 ni. Yóò sì tún pàdánù 150 tí ilé-iṣẹ́ ń fi kún un. Mi ò rí ọjà kankan tí ènìyàn ti ń fi 105 ra 300 lọ́jọ́ kan náà.

Oṣù kẹta ni ìdánwò dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé òun kì í jẹ́ kí ìjọba fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀kì òun, pé kó lọ kọ "Exempt", ìyẹn ni pé kò jẹ owó-orí, sórí W-4 rẹ̀, ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń sọ bí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe máa yọ owó-orí ìjọba àpapọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́, ó ní, "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni? Ó máa fi bíi 291 kún un." Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́, 291 yóò padà sínú ṣẹ́ẹ̀kì. Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò lọ síbì kankan. Ẹni tí òfin gbà láàyè láti kọ Exempt ni ẹni tí kò jẹ ìjọba àpapọ̀ ní owó-orí kankan lọ́dún tó kọjá, tí kò sì retí pé òun yóò jẹ lọ́dún yìí. Ó fọwọ́ sí i lábẹ́ ìbúra. Tí ó bá di oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọn yóò bi í lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó ìtanràn. Ọ̀rẹ́ náà tún ní bí kò bá fẹ́ ìyẹn, kó kọ ènìyàn mẹ́sàn-án sí i. Láti 2020 ni W-4 kò ti ní àyè fún irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwé Maryland, MW507, ló ṣì ń béèrè iye orí, òun náà sì ní òfin tirẹ̀.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni mo rò pé ó kan ọ̀pọ̀ nínú wa jù. Ó ní, "Ìyá mi ń kọ́? Èmi ni mò ń bọ́ ọ. Ṣé mi ò lè kọ ọ́ sí i?" Rárá. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí a ka ènìyàn mọ́ ara wa nínú ìwé owó-orí àfi bí onítọ̀hún bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe là á kalẹ̀. Ìyá tó jókòó sí Ìbàdàn kò sí nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ìwọ nìkan ló ń ra oògùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dunni. Mo ti bá àwọn ènìyàn jókòó tí omi bọ́ lójú wọn lórí ìlà kan ṣoṣo yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń báa yín kọ ìwé fi ìyá tàbí àbúrò tó wà nílé sí i kí ó lè dùn mọ́ yín. Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà.

Oṣù karùn-ún dé, ó ní ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta tí wọ́n san owó: ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Oṣù kọkànlá náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ti gbé gbogbo ìnáwó rẹ̀ ka ṣẹ́ẹ̀kì méjì, ìkẹta dé bí àlejò tó gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Ó fi ti oṣù karùn-ún san gbèsè káàdì tó jẹ nígbà tó ń gbé páálí. Ti oṣù kọkànlá, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, wọ́n fi ṣe òrùlé ilé ìyá rẹ̀ tó ti ń jò.

Oṣù kẹta ọdún 2025 ni a tún jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú W-2 rẹ̀, ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń ka owó ọdún tó kọjá fún òṣìṣẹ́. Ó wò ó títí, ó ní, "Àǹtí mi, 78,000 dà?" Kò sí níbì kankan lórí ìwé náà. Ṣẹ́ẹ̀kì 25 ló gbà lọ́dún náà, nítorí pé ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ló bẹ̀rẹ̀: 75,000. Nínú àpótí kẹta, tí Social Security, 72,600 ló wà, nítorí pé wọ́n ti yọ adójútòfò 2,400. Nínú àpótí kìíní, tí ìjọba àpapọ̀ ń wò, 68,850 ló wà, nítorí pé wọ́n tún ti yọ 3,750 ti 401(k). Ó fi ìka tọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí n tó la ẹnu. Ìjọba àpapọ̀ dá díẹ̀ lé ní 300 dọ́là padà fún un, nítorí ṣẹ́ẹ̀kì kan tí kò gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀ bíi pé 26 ló máa pé.

Ọdún 2025 ní nọ́ńbà tirẹ̀, òfin sì ti yí díẹ̀ nínú wọn padà, nítorí náà a ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ mi. Ó kọ 3,000 sókè, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.